Níbo ni Omi Ọkọ̀ Ń Gbà Lọ?

Ní ọ̀sán gangan kan, nígbà tí oòrùn ti da gbogbo agbára rẹ̀ sórí ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó Akéte, ìlú ọgbọ́n, lọ sí Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ọkọ̀ akérò kan ṣàdédé yà kúrò lójú títì sínú koríko nítòsí Ògèrè. Taya rẹ̀ kò bẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó kọ lù ú; èéfín funfun ni ó ń rú túú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òórùn irin gbígbóná àti rọ́bà tó fẹ́ẹ́ jó sì gba gbogbo àyíká. Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀ tẹrù-tẹrù, ìyá ọlọ́mọ kan ń fi ìborùn ṣíji bo ọmọ rẹ̀ lójú, ọkùnrin kan tó ń lọ sí òde ìsìnkú sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ léraléra.

Awakọ̀ bọ́ ẹ̀wù, ó fi wé ọwọ́ ọ̀tún, ó sì fẹ́ ṣí ìdérí rádíétọ̀, ni bàbá àgbàlagbà kan nínú èrò bá ké mọ́ ọn pé, "Ìwọ ọmọ yìí, fi ìyẹn sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ bó lójú ni?" Ó fi í sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin tó ń ta omi nínú kẹ́ẹ̀gì fi yọ láti ẹ̀gbẹ́ títì. Nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù tán, omi tó wọ inú rẹ̀ ju kẹ́ẹ̀gì kan lọ, ọkọ̀ sì tún ṣí. Mo bi awakọ̀ náà pé kí ni ó ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan kan. Ọkọ̀ yìí máa ń mu omi ni, àràárọ̀ la sì máa ń fún un."

Èsì yẹn ni ó gbé mi dìde láti kọ ohun tí mo ń kọ yìí, nítorí àìmọye ọkọ̀ ni ó ti tipa bẹ́ẹ̀ kú ikú àìtọ́jọ́ nílẹ̀ wa, tí olówó rẹ̀ sì di ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Omi inú ẹ́ńjìnì kì í ṣe oúnjẹ tí ẹ́ńjìnì ń jẹ tán. Ojú ọ̀nà tí a tì pa ni ó ń rìn, níbẹ̀ náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀; bí ó bá dín lónìí, tí ó tún dín lọ́la, ó ní ibi tí ó ń gbà jáde. Ẹni tí kò bá sì wá ibẹ̀ rí, àfi kí ó máa bu omi sí i títí ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì yóò fi dákẹ́. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Iṣẹ́ tí omi ń ṣe lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Bí bẹntiróòlù bá ń jó nínú ẹ́ńjìnì, gbogbo ooru rẹ̀ kọ́ ni ó ń di agbára tí ń yí taya. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó ń bá omi lọ, omi yìí ni yóò sì gbé ooru ọ̀hún dé inú rádíétọ̀, kí atẹ́gùn àti fáànù lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́tà-pọ́ǹpù ni ó ń tì í kiri. Tẹ́mọ́sítáàtì ni í sé ọ̀nà rádíétọ̀ mọ́ ọn títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná tó bó ti yẹ, tí yóò sì ṣí i nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí 82 sí 88°C nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

Nínú gbogbo wọn, ìdérí rádíétọ̀ ni àwọn ènìyàn fojú kéré jù, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, kò sí ohun tó tó o níyelórí. Bí obìnrin tó ń se ẹ̀wà ṣe ń dé ìkòkò pa, tí ó tún ń gbé òkúta lé ìdérí kí ooru má baà tú jáde, bẹ́ẹ̀ gan-an ni irin kíká inú ìdérí yìí ṣe ń há omi mọ́. Omi tí ohunkóhun kò tẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò hó ní 100°C. Ṣùgbọ́n bí ìdérí bá fún un pọ̀ tó nǹkan bí bar 1, kò ní hó títí ooru rẹ̀ yóò fi tó 120°C. Ìdí nìyí tí ihò tí kò ju ti abẹ́rẹ́ lọ, tàbí ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti ya, fi lè mú kí ọkọ̀ hó lójú ọ̀nà nígbà tí omi inú rẹ̀ kò tíì dín púpọ̀.

Àwọn àgbà tó gun Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, yóò rántí pé kò ní rádíétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ lásán ni ó ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára. Ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná, akíkanjú ọkọ̀ tó gba ipò kìíní láàárín ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ní 1969, àjìnnà-má-kàárẹ̀ tó kó ìran àwọn bàbá wa lọ sí òkè ọya, tó sì tún kó wọn bọ̀. Omi ni ó ń tu ìyẹn lára. Ìdí rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì tí irun wọn ti funfun lónìí ti kọ́ iṣẹ́ omi ọkọ̀.

Omi kànga àti omi aláwọ̀

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó gba èbúté Àpápá tàbí ti Kùtọnu wọlé sábà máa ń gbé omi aláwọ̀ kan wá nínú, yálà aláwọ̀ ewé, tàbí pupa, tàbí aláwọ̀ ọsàn, èyí tí à ń pè ní kúláǹtì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á kì í jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan kékeré bá ti jò, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n á sì fi omi kànga dípò, wọ́n á ní nítorí yìnyín ni òyìnbó fi ń lò ó, àti pé yìnyín kì í dì lójú títì nílẹ̀ Yorùbá.

Òótọ́ ni pé kì í jẹ́ kí omi dì nílẹ̀ òtútù, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ yunifásítì kan tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣàlàyé fún mi pé bí a bá po kúláǹtì ojúlówó àti omi mímọ́ ní ìdajì-ìdajì, omi náà yóò ṣòro láti hó ju omi lásán lọ, oògùn tó wà nínú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí irin ó dípẹtà, kò sì ní jẹ́ kí alumíníọ̀mù ó jẹrà, yóò sì dáàbò bo rọ́bà inú wọ́tà-pọ́ǹpù. Ó ní, "Omi kànga àti ti bọ́ọ̀húù ní èròjà ilẹ̀ nínú. Bí ó bá gbóná, èròjà náà yóò lẹ̀ mọ́ ara irin, ooru kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́."

Mo rí ohun tó ń wí pẹ̀lú ojú ara mi. Ní ìsọ̀ ẹnì kan tó ń jó rádíétọ̀, ó la ọ̀kan tó ti kú ní ẹ̀gbẹ́, ó sì ní kí n wò ó. Nínú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kí omi máa gbà kọjá, ìdajì ni àmọ̀ pupa ti dí pátápátá. Ó fi wáyà gún ọ̀kan, àmọ̀ náà sì ń já bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́. Oníọkọ̀ náà ti ra fáànù tuntun nígbà méjì kí ó tó gbé e wá.

Nǹkan kan wà tí n kò gbọdọ̀ gbàgbé láti sọ nípa kúláǹtì: májèlé ni. Ó dùn lẹ́nu, nítorí náà ajá, ewúrẹ́, àti ọmọdé pàápàá lè lá a bó bá wà nílẹ̀, ó sì lè ti ibi kíndìnrín pa wọ́n. Ẹ má ṣe dà á sójú gọ́tà, ẹ má sì ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn sọ fún mi pé, "Ẹni tó bá ti ń tú bóòtù kó tó mọ ibi tó ń jò, owó oníọkọ̀ ló ń tú." Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà kò gba sípánà rárá. Ó ní kí onítọ̀hún gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ojú kan tó tẹ́jú lálẹ́, kí ó tẹ́ páálí gbalaja sábẹ́ ẹ́ńjìnì, kí ó sàmì sí ibi tí omi dé lára ike omi, kí ó sì lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, páálí yóò sọ ibi tí omi ti kán sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì sọ irú omi tó jẹ́. Omi tó mọ́ gaara, tí kò ní òórùn, tó kán sí ìhà ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú lẹ́yìn tí a ti lo ẹ̀rọ amúlétutù, ti ẹ̀rọ amúlétutù ni. Kò sí ìdí láti torí rẹ̀ sá lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Lẹ́yìn páálí ni ojú. Omi tó bá jò sára irin gbígbóná kì í pẹ́ kó tó gbẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ìdọ̀tí funfun tàbí aláwọ̀ sílẹ̀ níbi tó gbà. Ibẹ̀ ni ọ̀gá yìí ń wá, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré kan tó so mọ́ orí wáyà. Ó ń tẹ rọ́bà omi láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tó bá ti rọ̀ jù tàbí tó ti ń sán kò tún ní pẹ́ mọ́. Ó ń wo ìdí kílíìpù, ó ń wo ojú ibi tí ike àti alumíníọ̀mù ti pàdé lára rádíétọ̀ ìgbàlódé, ó ń wo àwọn ìdérí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dí ihò ara ẹ́ńjìnì, èyí tí ìpẹtà máa ń jẹ láti inú wá síta.

Ó fi ihò kan hàn mí lábẹ́ wọ́tà-pọ́ǹpù, kò tóbi ju kóró àgbàdo lọ. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu ihò yìí, kí omi tó bá gba ìdí rọ́bà inú pọ́ǹpù kọjá lè ríbi jáde kó tó ba bẹ́ríìnì jẹ́. Bí ihò náà bá ti ń kán, tàbí tí àmì omi gbígbẹ bá ti fa ìlà sísàlẹ̀ láti ẹnu rẹ̀, pọ́ǹpù ti ń kú lọ nìyẹn. Ó sọ fún mi pé òun ti rí mẹkáníìkì tó fi gọ́ọ̀mù dí ihò yìí, tó sì gba owó iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ihò tí a fi ń kìlọ̀ fún ènìyàn ni onítọ̀hún dí.

Bí inú ọkọ̀ bá ń ṣe òórùn dídùn kan, tí kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ èrò iwájú tutù, tí ìrì sì ń bo gíláàsì iwájú lójijì, rádíétọ̀ kékeré tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná ni ó ń jò. Nílẹ̀ wa, wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà omi, kò sì fi bẹ́ẹ̀ léwu, nítorí a kì í lò ó.

Èyí tí kò kán sílẹ̀

Àwọn tí a ti kà yìí rọrùn. Èyí tó ń fọ́ni lórí ni omi tó ń dín, tí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ sì gbẹ táú.

Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé Peugeot 504 rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ọ̀gá tí mo ń wí yìí lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀. Ọkọ̀ náà ti lọ sọ́dọ̀ àwọn mìíràn ṣáájú. Wọ́n ti pààrọ̀ rádíétọ̀ rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ àwọn rọ́bà omi, wọ́n ti yọ tẹ́mọ́sítáàtì sọnù, ọkọ̀ kò sì yé dín omi. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Bàbá ní, "Ọ̀gá mi, bí ẹ bá ní kí n tún ra rádíétọ̀ mìíràn, màá ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un, ó ní, "Bàbá, ẹ kò ní ra nǹkan kan lónìí. Ẹ jẹ́ kó sùn sọ́dọ̀ mi."

Nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, ó yọ ìdérí, ó bu omi kún inú rẹ̀, ó sì dé pọ́ǹpù ọwọ́ kékeré kan tó ní aago sí ẹnu rádíétọ̀. Ó fún un pọ̀ dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìdérí, kò kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí bí a bá kọjá ìwọ̀n, a lè fọ́ ohun tí kò jò tẹ́lẹ̀. A jókòó. Ọwọ́ aago náà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Ó sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, "Omi yìí ń lọ sínú."

Bí omi bá ń lọ sínú, ibi tó lè gbà kò pọ̀. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì bá ti jó, omi lè wọ ibi tí epo ti ń jó, kí ó sì ti ẹnu sàlẹ́ńsà jáde ní èéfín funfun olóòórùn dídùn. Púlọ́ọ̀gì ihò tí omi wọ̀ yóò mọ́ ju àwọn yòókù lọ. Gáàsì inú ẹ́ńjìnì sì lè wọ inú omi, kí rádíétọ̀ máa yọ ìfóòfò láìdáwọ́ dúró, kí rọ́bà òkè sì le koko nígbà tí ẹ́ńjìnì kò tíì gbóná. Omi kan tún wà tí àwọn mẹkáníìkì ń lò lẹ́nu rádíétọ̀, aláwọ̀ búlúù ni, ó ń di ìyeyè bí gáàsì ẹ́ńjìnì bá kàn án. Ọ̀gá lo èyí náà. Kò yí àwọ̀ padà, nítorí náà inú ọ́ìlì ni ó kù láti wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí ọkọ̀ náà, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì tú bóòtù ìsàlẹ̀ àwo ọ́ìlì, díẹ̀díẹ̀, láìyọ ọ́ tán. Omi ni ó kọ́kọ́ jáde. Ó ṣàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ọ́ìlì dúdú tó tẹ̀ lé e. Omi wúwo ju ọ́ìlì, bí ọkọ̀ bá sì ti dúró mọ́jú, omi yóò ti lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ́ńjìnì 504 ní láyínà, ìyẹn ọ̀pá irin oníhò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, tí omi yí ká, rọ́bà tín-ínrín kan sì wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́ìlì. Ìyẹn ni ó ti jẹrà. Kò sí rádíétọ̀ láyé yìí tó lè wo àrùn náà sàn.

Bàbá wo omi tó wà nínú àwo náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Gbogbo owó tí mo ti ná yìí ńkọ́?" Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Títún un ṣe bó ti yẹ

Rọ́bà omi tó ya, pípààrọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí a pààrọ̀ kílíìpù rẹ̀ pẹ̀lú. Rádíétọ̀ bàbà àtijọ́ ṣeé jó, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò sì rì í sínú omi, yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti rí ibi tó ń yọ ìfóòfò kí ó tó dá a padà. Èyí tó ní ike lórí ní tirẹ̀ kò gba jíjó; lílẹ̀ ẹ́ kì í sì tọ́jọ́, tuntun ni kí a rà. Oògùn adíhò tí wọ́n ń dà sínú rádíétọ̀, àti ata gígún tàbí ẹyin tí àwọn awakọ̀ kan máa ń dà sí i, lè gbé ọkọ̀ dé ilé, ṣùgbọ́n ohun tó dí ihò lè dí ọ̀nà omi pẹ̀lú.

Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì kì í ṣe iṣẹ́ kíkánjú. Orí ẹ́ńjìnì tó ti gbóná jù sábà máa ń wọ́, a sì gbọ́dọ̀ fi irin títọ́ wọ̀n ọ́n, kí a gbé e lọ fá bó bá ti kọjá ìwọ̀n, kí a lo bóòtù tuntun níbi tí olùṣe ọkọ̀ bá ti ní kí a lò ó, kí a sì ti àárín bẹ̀rẹ̀ sí í dè é lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìpele-ìpele pẹ̀lú sípánà tó ń ka agbára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn tó ní Toyota Camry tí à ń pè ní Big Daddy, àwọn tí ẹ́ńjìnì wọn jẹ́ 2AZ-FE, ní láti fetí sí èyí. Nínú ẹ́ńjìnì náà, ojú ìdè àwọn bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnì mú, ní ìhà ẹ̀yìn tí ojú kò tó, lè fà tu kúrò lára alumíníọ̀mù, omi yóò sì máa jò níbẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan kò lè tún un ṣe. Àfi kí a lu ihò náà tóbi, kí a fi ojú ìdè onírin sí i.

Ọ̀rọ̀ tẹ́mọ́sítáàtì tí wọ́n máa ń yọ dànù ń bí mi nínú. Ẹ́ńjìnì tí kò ní in kì í tètè gbóná tó bó ti yẹ, epo tó ń jẹ yóò pọ̀ sí i, yóò sì tètè gbó. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, bí a bá yọ ọ́, omi yóò máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ láìdé rádíétọ̀ rárá, ọkọ̀ tí a sì ń sá fún gbígbóná rẹ̀ yóò wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, ó kù kí a lé afẹ́fẹ́ inú omi jáde. Kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹnu rádíétọ̀ ní ṣíṣí láti ìgbà tó wà ní tútù, kí a máa tẹ rọ́bà, kí a máa bu omi sí i títí ìfóòfò yóò fi dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti tún ṣe dáadáa, tó tún hó kí ó tó délé, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú.

Kí ó tó di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn

Nọ́ọ̀sì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún mi pé òun kò lè ka iye awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́ akérò tí òun ti wẹ egbò ojú àti àyà fún nítorí ìdérí rádíétọ̀. Bí ọwọ́ aago ooru bá ti ń gòkè, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ṣí ti gbígbóná sílẹ̀ pátápátá bí ọkọ̀ yín bá ní in, kí ẹ sì wá ibi tí ẹ ó yà sí. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìdérí títí ẹ ó fi lè di rọ́bà òkè mú láìjó yín lọ́wọ́. Ẹ má sì ṣe da omi tútù sínú ẹ́ńjìnì tó ń jó, nítorí irin gbígbóná tó bá ṣàdédé pàdé omi tútù lè sán.

Pọ́ǹpù ọwọ́ tó ní aago, èyí tó tú àṣírí ọkọ̀ bàbá olùkọ́, kò wọ́n tó orí ẹ́ńjìnì kan, síbẹ̀ n kò rí i nínú ọ̀pọ̀ ìsọ̀ mẹkáníìkì tí mo wọ̀. Mo bẹ ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá ọ̀nà láti ní ó kéré tán ọ̀kan ní abúlé mẹkáníìkì wọn, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè máa yá a lò, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe ń lò ó. Ẹ̀yin oníọkọ̀ náà, kí ẹ tó sanwó rádíétọ̀ tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi pọ́ǹpù yìí yẹ ọkọ̀ yín wò lójú yín, kí ẹ sì béèrè ibi tí omi ń gbà lọ.